Àga Pupa àti Ìdíje Ọjọ́ Ìsinmi

Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ yìí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Atlanta yóò wọ pápá láti kojú àwọn ará Louisiana, abánidíje wa láti ìgbà pípẹ́. Ìdíje tí ó kẹ́yìn nínú sáà yìí ni. Bí a bá borí, a ó tẹ̀síwájú pẹ̀lú àwọn àṣàyàn. Bí wọ́n bá borí wa, ó di àmọ́dún. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ nílé ni mo ń wí. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì bí èso kòkó, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbá mọ́ àyà sá lọ.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo sì fi ipò ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ fẹ̀yìn tì. N kò ta tẹ́tẹ́ rí, n kò sì ní ta á. Síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé ni n kò ti lè fi ọkàn sí nǹkan mìíràn, nítorí pé àga kan wà tí ìdíje yìí yóò mú bọ́ sí mi lọ́wọ́ tàbí tí yóò mú bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń ronú nítorí àga, ó yẹ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi Ìlá-Ọ̀ràngún sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ mi, Bùsọ́lá, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville. Bàbá rẹ̀ ti kú, ilé sì ti tóbi jù fún èmi nìkan. Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níhìn-ín kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bùsọ́lá yóò ti lọ sí shift rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ rẹ̀ yóò ti wa mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì, àwọn ọmọ yóò ti wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Èmi yóò wá dúró lójú fèrèsé, n óò máa wo títì. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ó tó odindi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ pé ènìyàn ń gbé inú ilé tí ó kọjú sí tiwa. Ní Ìlá, bí mo bá dúró lójú fèrèsé bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, n óò ti dáhùn ìkíni mẹ́wàá, n óò ti parí ìjà kan, n óò sì ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lóru àná.

Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà fẹ́ mú mi ṣàìsàn, mo ní kí Bùsọ́lá bá mi wá iṣẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Mọ́mì, kí ni àwọn ará church máa sọ? Pé mo kó ìyá mi wá sí Amẹ́ríkà wá ṣe lébìrà?"

"Wọn yóò sọ pé ìyá rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di òṣìṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Suwanee, níbi tí a ti ń to páálí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní ọjọ́ kìíní, ó dúró ní òpin gbọ̀ngàn kan, ó sì fi orúkọ àbísọ mi pè mí dé òpin kejì. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tí ó tún pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo bojú wẹ̀yìn bóyá òun ni ó ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pe ọ̀gá náà sí kọ̀rọ̀. Mo sọ fún un, pẹ̀lú irú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olùkọ́ wa fi pàṣán kọ́ wa, pé n kò bínú sí i, ṣùgbọ́n "Mama" ni wọ́n ń pe ẹni bí tèmi níbi tí mo ti wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń pè mí ní Mama, títí kan awakọ̀ tí ń gbé páálí. Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní ilẹ̀ yìí nìyẹn. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀ kí orúnkún mi tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Bùsọ́lá kò fẹ́ kí n padà sójú fèrèsé. Ó forúkọ mi sílẹ̀ ní ibùdó àwọn àgbàlagbà kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ń wá gbé wa ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ó sì ń dá wa padà ní aago mẹ́ta. A ń jẹun níbẹ̀, a ń na apá na ẹsẹ̀ lórí ìjókòó, a sì ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo rí àga aláwọ pupa kan ní ọ̀gangan iwájú tẹlifíṣọ̀n, àga ńlá tí ó ní ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé. Kò sí ẹni tí ó jókòó sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù jókòó sórí àga onírin yí i ká. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó jù mí lọ níbẹ̀, àyàfi bóyá ìyá kan tí ó ti sùn lọ. Kí ni ẹni tí a bá kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé yóò rò? Mo rò pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún àgbà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo tún aṣọ mi ṣe, mo sì jókòó.

Gbogbo wọn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga kan, adúláwọ̀ bí tiwa, fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Clarence ni orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, inú Atlanta gan-an ni wọ́n sì bí i sí.

"Mà," ó ní, "orí àga mi ni ẹ jókòó sí."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kàndínláàádọ́rin."

"Èmi jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin," ni mo dáhùn, mo sì fẹ̀yìn tì dáadáa.

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Gẹ̀ẹ́sì ni à ń sọ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń fi "ẹ" sí i bí mo ti ń kọ ọ́, nítorí pé n kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni máa pè mí ní "ìwọ" nínú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Ọ̀gbẹ́ni Clarence kò rẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ní gbogbo sáà bọ́ọ̀lù, ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń kọ ẹgbẹ́ tí ó rò pé yóò borí sára pátákó funfun tí ó wà lára ògiri. Kò sí owó nínú rẹ̀. Ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ jù ní ìparí sáà ni yóò máa jókòó sí àga pupa títí di ọdún kejì.

"Wọn kì í bí àga yìí mọ́ ènìyàn, Mama," ó ní. "À ń jà á gbà ni."

Mo dìde. N kò dìde fún ẹni tí mo jù lọ rí láyé mi. Àga onírin kan ṣoṣo ni ó ṣófo, ní ẹ̀yìn pátápátá, lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo lọ jókòó sí, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi pé, bí ó bá ṣe pé ìmọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ oyè níhìn-ín, a jẹ́ pé wọ́n ti bá olùkọ́ pàdé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò dùn mọ́ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo jókòó wo eré náà nílé, mo rí i tí àwọn ọkùnrin mọ́kànlá kó ara wọn jọ, tí wọ́n tẹ orí ba, tí ẹnì kan sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín wọn. Orí mi wú. Mo dìde, mo tẹ orí tèmi náà ba. Bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tí wọ́n túká, mo ní, "Àmín!" Kò pẹ́, wọ́n tún kó ara wọn jọ. Mo tún dìde. Mo ti ṣe àmín tó ogún kí Bùsọ́lá tó sáré jáde láti ilé ìdáná.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ta lẹ̀ ń ṣe àmín fún?"

"Fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọn kì í gbé ẹsẹ̀ kan láìgbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé orílẹ̀-èdè yìí ti gbàgbé Ọlọ́run!"

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. "Mọ́mì, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù gbà ni o!"

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn!"

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti fi gba yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n tún ní mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá gbà á, wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì. Èyí kò ṣòro fún mi, nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń ra aṣọ ní yáàdì, mo sì mọ bí mẹ́wàá ti gùn tó. Mo mọ kọ́tàbáàkì, ẹni tí gbogbo eré ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí orin ìyìn sì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn géńdé márùn-ún tí wọ́n ń dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri kí ọ̀tá má ba à dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dà bí olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: bí iṣẹ́ wọn bá dára, kò sí ẹni tí ń rántí wọn, bí ọmọ bá ṣubú, orúkọ wọn ni a ń pè.

Ní ọdún kìíní, díẹ̀ ni ó kù kí n gbé ẹ̀yìn. Ní ọdún kejì, mo bọ́ sí àárín. Ní ọdún kẹta, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́ bí mo bá mú kálámù. Ní èṣí, ìdíje ẹyọ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Clarence fi jù mí, ó sì jókòó padà sórí àga náà fún ọdún karùn-ún léra wọn, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi lójú. Ní ọdún yìí, èmi àti òun dọ́gba, ó sì ku ìdíje kan ṣoṣo.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi, Jídé, lórí fóònù. Ìlá ni ó wà. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Sísítà, ẹ ní kí lẹ̀ ń kọ sínú ìwé?"

"Bọ́ọ̀lù. Mo ń ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹ́ méjì."

"Háà! Ayé mà ti yí o. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀bẹ ya bọ́ọ̀lù mi torí mi ò kàwé?"

"Bọ́ọ̀lù mìíràn nìyẹn, Jídé."

"Ó ti tó ọgọ́ta ọdún, Sísítà. Bọ́ọ̀lù mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó tún béèrè ẹgbẹ́ tí mo ń tì lẹ́yìn.

"Ẹgbẹ́ wa," ni mo wí.

"Ẹgbẹ́ wa kẹ̀? Ta ni 'wa'? Ìgbà wo lẹ di ará ibẹ̀?"

Mo sọ fún un pé ọbẹ̀ wà lórí iná, èyí tí kì í ṣe òtítọ́, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ìbéèrè rẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ ènìyàn di ará ìlú. Ó kàn ń jẹ́ kí àwọn oníbodè rẹ́rìn-ín sí ènìyàn ni. Ìdùnnú pẹ̀lú kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé àlejò náà ń bá onílé jó. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni ìdánwò rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n borí Atlanta ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí a ti ń múra láti yọ̀. Bùsọ́lá tẹ ẹ̀bà, ó gbé e síwájú mi, n kò lè fi ọwọ́ kàn án. Mo dìde, mo lọ dùbúlẹ̀. Ta ni ó ń fi ebi sùn nítorí ìpàdánù ẹni tí kò kàn án?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ìdíje náà yóò ti rí. Gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé Louisiana yóò lù wá. Kọ́tàbáàkì wa fara pa ní èjìká ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọdé kan tí kò dárí eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Àwọn géńdé Louisiana ń sáré wọlé sí kọ́tàbáàkì bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọmọ náà dáadáa ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ní ìdajì eré. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ni ó ṣe? Kò gbé ọwọ́ lérí, kò wo ojú kóòṣì. Ó lọ bá àwọn géńdé márùn-ún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi rìn láàárín àwọn ọmọ tí ń ṣe ìdánwò. Mo mọ ọmọ tí ó ń gbọ̀n nítorí pé kò mọ ìwé, mo sì mọ èyí tí ń gbọ̀n nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, tí ara rẹ̀ yóò balẹ̀ bí ó bá ti dáhùn ìbéèrè kìíní tán. Irú èkejì ni ọmọ yìí. Bí àwọn ará Louisiana bá sì ń sáré wọlé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn wọn yóò ṣófo. Kí ọmọ náà máa jù ú ní kúkúrú, kíákíá, sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Yáàdì mẹ́ta, yáàdì mẹ́rin, yáàdì márùn-ún. Ohun tí a bá fi sùúrù gbà, a kì í pàdánù rẹ̀.

Mo ti sọ fún olùṣọ́-àgùntàn wa náà pé kí ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi má kọjá aago méjìlá.

"Mama," ó ní, "ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò lé Ẹ̀mí Mímọ́ jáde?"

"Rárá o, Pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ yé wò ó nínú fóònù lẹ́yìn pẹpẹ."

Ó yára ki fóònù rẹ̀ bọ àpò.

Àná ni ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìkọ̀wé. Denise, ọ̀dọ́bìnrin tí ń tọ́jú ibùdó wa, gbé kálámù ńlá dání lẹ́bàá pátákó. Mẹ́tàdínlógún ni wá. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: Louisiana, Louisiana, Louisiana. Ọ̀gbẹ́ni Clarence dìde lórí àga pupa, ó rìn lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kọ Louisiana, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ iye àmì tí ẹgbẹ́ méjèèjì yóò gbà lápapọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi kàn mí, mẹ́rìndínlógún ti kọ, kò sì sí Atlanta kan ṣoṣo lára pátákó náà.

Denise rọra sún mọ́ mi. "Mama, ẹ gbọ́. Ẹ kọ Louisiana bí tiwọn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá mú ẹgbẹ́ kan náà, ẹni tí iye àmì rẹ̀ bá sún mọ́ òótọ́ ni yóò gba àga. Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò jù níbí. Ẹ ti gbà á tán nìyẹn."

Òótọ́ ni ó sọ. Ní gbogbo sáà, kò sí ẹni tí ó fi ìṣirò sún mọ́ mi. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń wo àga náà láti ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín èmi àti rẹ̀. Mo ti kọ orúkọ àwọn ọ̀tá wa rí, nígbà tí orí mi bá ní kí n kọ ọ́. N kò jẹ́ kí ìfẹ́ bo ojú mi. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ rí ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn kọ̀yìn sí ìlú náà, tí ó sì ku èmi nìkan.

Mo gba kálámù. Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo fi ń kọ déètì sí ojú pátákó dúdú nígbà náà lọ́hùn-ún kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: ATLANTA.

Ẹnì kan pòṣé. Ọ̀gbẹ́ni Clarence gbá ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Mama, ẹ ti fún mi ní àga o! Ẹ ṣeun!"

"Ẹ kò tíì jókòó, sà."

Ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo pátákó náà, ó tún wò mí. "Ẹ gbọ́, mo ń sọ òótọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń dúró de ìlú yìí. Ó ti já mi kulẹ̀ ju iye tí mo lè kà lọ. Ẹ kò mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kò tíì pẹ́ níbí."

"Ọ̀gbẹ́ni Clarence," ni mo wí, "mo ti pẹ́ tó."

Mo dá kálámù padà fún Denise, mo sì padà sí àyè mi. Ọ̀gbẹ́ni Clarence kò jókòó. Ó dúró síwájú pátákó, ó ń wo orúkọ ìlú rẹ̀ tí ọwọ́ obìnrin Ìlá kọ, ó sì ń wo ohun tí ọwọ́ òun alára kọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bá Denise sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a gbọ́.

"Ǹjẹ́ ènìyàn lè pa tirẹ̀ rẹ́, kí ó tún un kọ?"

"Rárá, sà. Ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe òfin náà."

Ọ̀la ni ìdíje náà. Ọ̀gbẹ́ni Clarence yóò wà nínú ilé rẹ̀, èmi yóò wà nínú tèmi; ẹnu rẹ̀ yóò máa pe Louisiana nítorí àga, ṣùgbọ́n bí ọmọdé yẹn bá ti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tiwa, mo mọ ibi tí ọkàn bàbá náà yóò sá wá. Àyè pọ̀ lọ́dọ̀ mi.